Ìdìbò Ìlú Chicago ní Ọdún 1983: Bí Orúkọ Inú Ìwé Ṣe Di Agbára

Àwọn àgbà wa sọ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lónìí jẹ́ ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n da omi síwájú ní ọdún 1982, tí wọ́n sì tẹ ilẹ̀ tútù ní ọdún 1983. Ìlú Chicago, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1983, àwọn ará ìlú náà dìbò yan Harold Washington ní mẹ́ẹ̀rì. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò gbé sórí àga náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rántí ọjọ́ ìṣẹ́gun yẹn. Ní tiwa, ohun tí ó ṣáájú ọjọ́ náà àti ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò jù lọ. Báwo ni àwọn tí wọ́n ti ń fi ìbò wọn gbé ẹlòmíràn ga láti ọjọ́ pípẹ́ ṣe wá fi gbé ọmọ tiwọn ga? Nígbà tí wọ́n sì borí tán, kí ni wọ́n rí gbà?

Ìlú náà àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀

Àwa tí a ń fi Yorùbá àti Faransé bára wa sọ̀rọ̀ ní ìdí kan pàtàkì láti fetí sí ìtàn Chicago. Ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ tí ó kọ́lé tí ó sì fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ni Jean Baptiste Point du Sable, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan tí ń sọ èdè Faransé. Láàrin ọdún 1780 sí 1790 ni ó dó sí ẹnu odò Chicago. Ó fẹ́ Kitihawa, obìnrin ẹ̀yà Potawatomi. Ó ní oko, ó ní ilé ìṣòwò, kí ó tó tà wọ́n ní ọdún 1800 tí ó sì ṣí kúrò. Síbẹ̀, láti ọdún 1837 tí Chicago ti ní mẹ́ẹ̀rì àkọ́kọ́, aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń yàn sí ipò náà.

Àwọn aláwọ̀ dúdú kò pọ̀ nílùú náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1910, nǹkan bí 44,000 péré ni wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá láti Mississippi, Alabama àti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù mìíràn, níbi tí òfin ìyàsọ́tọ̀ àti pípa ènìyàn láìsí ìdájọ́ ti ń lé wọn kúrò nílé. Wọ́n ríṣẹ́ ní ilé ìpẹran àti ní ilé iṣẹ́ irin. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1980, wọ́n ti tó nǹkan bí 1,200,000 nínú ènìyàn 3,000,000 tí ń gbé Chicago, èyí tí í ṣe ìdá méjì nínú márùn-ún. Ìhà gúúsù àti ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú ni a há ọ̀pọ̀ jù lọ wọn mọ́. Nígbà tí Martin Luther King lọ bá wọn jà fún ẹ̀tọ́ láti gbé ibi tí ó bá wù wọ́n ní ọdún 1966, òkúta ni wọ́n sọ lù ú ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ funfun.

Ẹnì kan lè bi wá pé: bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n yan ọmọ wọn ṣáájú ìgbà náà? Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣèlú nílùú náà. Richard J. Daley jẹ́ mẹ́ẹ̀rì láti ọdún 1955 títí ó fi kú sórí àga ní oṣù kejìlá ọdún 1976, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ Democrat ní agbègbè yẹn. Ẹkùn ìdìbò 50 ni ìlú náà pín sí. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn ọmọ-ẹ̀yìn láti òpópónà dé òpópónà. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wọ̀nyí mọ ẹni tí ń wáṣẹ́, wọ́n mọ ẹni tí iná ìta rẹ̀ kú, wọ́n mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ wọ àhámọ́. Wọn a bá a yanjú rẹ̀, òun náà a sì fi ìbò san oore. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba tí kò bá lè kó ìbò wá, iṣẹ́ náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ètò náà, ìbò wọn sì ran Daley lọ́wọ́ láti wọlé léraléra. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ wọn kún àkúnya, ilé tí wọ́n ń gbé ń bàjẹ́, ipò tí ó níyì kò sì kàn wọ́n bó ti yẹ.

Harold Washington fúnra rẹ̀ jáde láti inú ètò yìí. Chicago ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1922. Bàbá rẹ̀, Roy Washington, jẹ́ agbẹjọ́rò àti oníwàásù, ó sì ń bá ẹgbẹ́ Democrat kó ìbò jọ ní àdúgbò rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí a sọ ní orúkọ du Sable tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni Harold lọ. Ó ṣiṣẹ́ ológun ní agbègbè òkun Pàsífíìkì nígbà ogun àgbáyé kejì, lẹ́yìn náà ó kàwé ní Roosevelt College, ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin ní Northwestern. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1953, ó bọ́ sí ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Láti ọdún 1965 ni ó ti wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois. Ní ọdún 1980, wọ́n yàn án sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ó ń ta ko àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ó du ipò mẹ́ẹ̀rì ní ọdún 1977, lẹ́yìn ikú Daley, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìbò 11 nínú 100 péré ni ó rí.

Ìwé orúkọ

Ní oṣù kìíní ọdún 1979, yìnyín bo Chicago mọ́lẹ̀. Ìjọba Michael Bilandic, ẹni tí ó rọ́pò Daley, kò lè kó o kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì ń ṣiṣẹ́, ó ń kọjá àwọn ibùdókọ̀ kan ní àdúgbò aláwọ̀ dúdú láìdúró. Inú bí àwọn ará àdúgbò náà. Ní oṣù kejì, wọ́n fi ìbò wọn ran Jane Byrne lọ́wọ́ láti lé Bilandic kúrò, Byrne sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ mẹ́ẹ̀rì ìlú náà. Wọ́n rò pé ọ̀nà ti là. Àmọ́ ní ọdún 1982, Byrne fi àwọn aláwọ̀ funfun rọ́pò àwọn aláwọ̀ dúdú nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ilé ìjọba, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé ilé wọ̀nyí. Jesse Jackson àti àwọn mìíràn pe àwọn ènìyàn kí wọ́n má lọ sí ChicagoFest, àjọ̀dún orin tí ìjọba ìlú ń ṣe lọ́dọọdún. Stevie Wonder, tí ó yẹ kí ó kọrin níbẹ̀, fagi lé ìrìn àjò rẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti yípadà. Ìbínú pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú kan mọ̀ pé ìbínú kì í wọ inú àpótí ìbò bí orúkọ ẹni kò bá sí nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n wá bẹ Harold Washington pé kí ó tún díje, kò tètè gbà. Ó ti jáde lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì ti rí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá olùdìbò tuntun 50,000, kí wọ́n sì kó owó jọ, kí àwọn tó jọ sọ̀rọ̀.

Wọ́n sì mú iṣẹ́ ṣe. Lu Palmer, akọ̀ròyìn tí ohùn rẹ̀ ń dún lórí rédíò, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ètò òṣèlú, ó sì ti ń ké sí wọn pé ọdún 1983 ni ọdún wọn. Ed Gardner, onílé-iṣẹ́ Soft Sheen tí ń ṣe ìpara irun, fi owó àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìpolówó ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń kéde rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Àwọn ẹgbẹ́ aláìní gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí àwọn aláìríṣẹ́ ti ń gba owó ìrànwọ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tí òṣèlú ti gbàgbé ti ń tò sí ìlà. Olùdìbò tuntun tí wọ́n rí láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ju 100,000 lọ, ìlọ́po méjì ohun tí Washington béèrè. Ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Illinois ní oṣù kọkànlá ọdún 1982 kọ́kọ́ fi agbára wọn hàn: díẹ̀ báyìí ni ó kù kí Adlai Stevenson Kẹta ṣẹ́gun gómìnà tó wà lórí àga. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, Washington kéde pé òun yóò díje.

Ìdìbò abẹ́lé

Nínú ẹgbẹ́ Democrat, ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń figa gbága: Byrne, tí ó ní owó jù; Richard M. Daley, ọmọ mẹ́ẹ̀rì àtijọ́, tí ó ní orúkọ, àti Washington. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, wọ́n ṣe àríyànjiyàn mẹ́rin níta gbangba. Àwọn tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ Washington rí rí i pé ó mọ ìlú, ó mọ òfin, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu rẹ̀ ṣáká. Owó kò ra irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Bí ọjọ́ ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Edward Vrdolyak, olórí ẹgbẹ́ Democrat ní agbègbè náà, sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹni tí ó bá dìbò fún Daley, Washington ni ó ń bá dìbò, àti pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Ìwé ìròyìn gbé e jáde. Ohun tí ó fẹ́ fi dẹ́rù ba àwọn aláwọ̀ funfun ni ó lé àwọn aláwọ̀ dúdú jáde nílé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì, Washington rí nǹkan bí ìbò 36 nínú 100, Byrne rí 34, Daley rí 30. Àwọn aláwọ̀ funfun pín ìbò wọn sí méjì. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò pín tiwọn.

Ọ̀sẹ̀ méje

Ní Chicago ìgbà náà, ẹni tí ó bá ti gba àsíá ẹgbẹ́ Democrat ti di mẹ́ẹ̀rì tán. Láti ọdún 1927, ẹgbẹ́ Republican kò tíì borí nínú ìdìbò mẹ́ẹ̀rì kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1983, ohun gbogbo yípadà láàrin ọ̀sẹ̀ méje. Bernard Epton, agbẹjọ́rò tí ó ti wà nílé aṣòfin Illinois, ni olùdíje Republican. Kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ sí ọ̀tá aláwọ̀ dúdú tẹ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìpolówó rẹ̀ ń pe àwọn olùdìbò kí wọ́n yan òun kí ó tó pẹ́ jù, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá ẹkùn Democrat kọ ẹ̀yìn sí olùdíje ẹgbẹ́ wọn, wọ́n ń bá Epton ṣiṣẹ́.

A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn alátakò Washington ní ohun tí wọ́n lè nà án ní patiyẹ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni kò fi ìwé owó-orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, ó sì ti tìtorí bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n tí ó lé ní oṣù kan ní ọdún 1972. Ó yẹ kí olùdìbò béèrè nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò mú àpò ìlú dání. Àmọ́ ẹni tí ó bá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá owó-orí. Washington àti Walter Mondale, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, lọ sí ìjọ Kátólíìkì St. Pascal. Èrò dúró dè wọ́n níta, wọ́n ń hó lé wọn lórí, ẹnì kan sì ti fi ọ̀dà kọ ọ̀rọ̀ èébú aláwọ̀ dúdú sí ara ilé Ọlọ́run. Tẹlifíṣọ̀n gbé e káàkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun tí ó rí i ni ojú tì.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìbò aláwọ̀ dúdú nìkan kò lè tó, Washington sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá àwọn tí wọ́n wá láti Mexico àti Puerto Rico. Wọ́n pọ̀ nílùú náà, ìjọba kò sì kà wọ́n sí. Ó bá àwọn aláwọ̀ funfun tí ń gbé etí adágún omi sọ̀rọ̀, àwọn tí ètò ìbò-fún-iṣẹ́ ti sú. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, nǹkan bí 82 nínú olùdìbò 100 jáde. Washington rí ìbò 668,176. Epton rí 619,926. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo aláwọ̀ dúdú tí ó dìbò ni ó yan Washington. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ Mexico àti Puerto Rico yàn án pẹ̀lú. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, ẹni tí ó yàn án kò tó ọ̀kan nínú márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìbò 48,250 ni Washington fi ju Epton lọ. Orúkọ tuntun tí wọ́n kọ sínú ìwé láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní ọdún tí ó ṣáájú ju 100,000 lọ. Bí kò bá sí àwọn tí wọ́n jókòó ti tábìlì ní iwájú ọ́fíìsì aláìríṣẹ́ ní ọdún 1982, kò dá wa lójú pé ẹnikẹ́ni yóò máa sọ ìtàn yìí lónìí.

Àga wà, agbára kò sí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ni wọ́n búra fún un. Àwọn tí ń jó lójú pópó rò pé ogun ti parí. Níhìn-ín ó yẹ kí a ṣàlàyé ìyàtọ̀ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ilẹ̀ Benin, inú ìgbìmọ̀ kọ́múnù ni mẹ́ẹ̀rì ti ń jáde. Ní Chicago, àwọn ará ìlú ni wọ́n ń dìbò yan mẹ́ẹ̀rì tààrà, wọ́n sì ń yan ọmọ ìgbìmọ̀ 50 lọ́tọ̀, ọ̀kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí mẹ́ẹ̀rì wọlé, kí ìgbìmọ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn alátakò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ọmọ ìgbìmọ̀ 29 tẹ̀lé Vrdolyak àti Edward Burke. 21 péré ni ó dúró ti mẹ́ẹ̀rì. Ní ìpàdé ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, Washington sọ pé ìpàdé ti parí, ó sì jáde. Àwọn 29 jókòó síbẹ̀, wọ́n sì pín ipò alága gbogbo ìgbìmọ̀ kéékèèké láàrin ara wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, àwọn ni wọ́n jàre. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń dí ètò ìṣúná àti àwọn tí mẹ́ẹ̀rì yàn sípò lọ́wọ́. Ohun tí ó gba Washington sílẹ̀ ni pé ó lè kọ òfin tí wọ́n bá ṣe, ìbò 34 ni wọ́n sì nílò láti borí kíkọ̀ náà. Àwọn 29 kò lè dé ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn 21 kò bá yẹsẹ̀.

Ìwé àti òfin náà ni ó tún tú ìdè yìí. Ní ọdún 1981, ìjọba Byrne ti tún ààlà àwọn ẹkùn fà. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, pé ààlà náà fọ́n ìbò àwọn ká. Wọ́n jàre. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ kí a tún ìdìbò ṣe ní ẹkùn méje ní oṣù kẹta ọdún 1986, méjì nínú wọn sì di àtúndì ní oṣù kẹrin. Nígbà tí Luis Gutiérrez wọlé ní ẹkùn 26, ìgbìmọ̀ di 25 sí 25, mẹ́ẹ̀rì ni ó sì ń já okùn náà nígbà tí ìbò bá dọ́gba. Láti ìgbà náà ni Washington tó lè ṣèjọba gẹ́gẹ́ bí mẹ́ẹ̀rì. Ní ọdún 1987, ó ṣẹ́gun Byrne nínú ìdìbò abẹ́lé, ó sì ṣẹ́gun Vrdolyak nínú ìdìbò gbogbogbòò.

Oṣù méje péré ni ó lò lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1987, àìsàn ọkàn kọlù ú nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kú. Ẹni ọdún 65 ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí wọ́n ti jọ dúró tì í yapa sí méjì lórí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, àwọn kan ń tẹ̀lé Timothy Evans, àwọn mìíràn ń tẹ̀lé Eugene Sawyer. Sawyer ni ìgbìmọ̀ yàn, pẹ̀lú ìbò ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀tá Washington àtijọ́. Ní ọdún 1989, Richard M. Daley gba àga bàbá rẹ̀, kò sì dìde lórí rẹ̀ títí di ọdún 2011.

Ohun tí a rí kọ́

Àwọn kan ń wo òpin yìí, wọ́n ń sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Washington ṣí ìwé ìjọba ìlú sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú láti kà, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn ilé ẹjọ́ tí ó fòpin sí gbígba ènìyàn síṣẹ́ nítorí ìbò. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàn án kò sì kú mọ́ ọn. Ní ọdún 1992, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dé Chicago nígbà ìjọba rẹ̀ darí ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò ní Illinois. Barack Obama ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún náà ni Carol Moseley Braun, ẹni tí ó ti ṣojú fún Washington nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà, di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ìtàn náà kìlọ̀ fún wa. Àwọn ará Chicago ní ìwé orúkọ, wọ́n ní ìfẹ́, wọ́n ní aṣáájú; wọn kò ní àdéhùn kankan nípa ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà bí aṣáájú bá ṣubú. Iṣẹ́ ọdún márùn-ún tú ká ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tí ó bá rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnì kan, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni yóò mọ bí òun ti lágbára tó.

Nítorí náà, bí ìdìbò kọ́múnù bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa béèrè ohun mẹ́ta ṣáájú kí a tó béèrè ẹni tí yóò jẹ́ mẹ́ẹ̀rì. Ta ni nínú wa tí orúkọ rẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé? Àwọn wo ni yóò wà nínú ìgbìmọ̀? Ta ni a sì ti kọ́ ní iṣẹ́ náà, tí yóò lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe é lónìí?